Téèpù Ara Ìgò Ìyá Àgbà

Kò sí ẹni tó ń fa ìlà bíi tèmi ní gbogbo Àbújá yìí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ta ilé ní Jahi, kó wo ilé kékeré tó wà nínú àpótí gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà wọn, èyí tí wọ́n fi ń han oníbàárà bí ẹ́sítéètì náà yóò ṣe rí nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ koríko àti ewúrẹ́. Èmi ni mo ṣe é. Fèrèsé rẹ̀ kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, férémù rẹ̀ dúdú, ògiri rẹ̀ funfun, dúdú kò yà sí funfun, funfun kò yà sí dúdú. Àwọn tó lọ yunifásítì ló ń ya ilé sínú kọ̀ǹpútà, mo gbà. Ṣùgbọ́n bó bá di pé kí ilé náà jáde nínú kọ̀ǹpútà kó wá jókòó sórí tábìlì, Dutse Alhaji ni wọ́n ń gbé e bọ̀, lọ́dọ̀ èmi tí mo jókòó sí kíláàsì mẹ́rin péré, tí mi ò sì mú nǹkan kan jáde níbẹ̀ ju iná orí lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń bá àwọn ayàwòrán ilé ṣiṣẹ́, Tọ́pẹ́ lorúkọ rẹ̀, gbé ilé kékeré tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Àbújá ni wọ́n bí i sí, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó ti kun ògiri ní funfun, ó gbẹ, ó wá lẹ másíkìn téèpù mọ́ ọn, téèpù oníbébà yẹn tí àwọn tó ń kun mọ́tò máa ń lẹ̀ mọ́ etí gíláàsì kí ọ̀dà má baà kàn án, ó sì kun àwọ̀ eérú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣí téèpù, ọ̀dà funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e kúrò bí awọ tòmátì tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná. Ó ní, "Ọ̀gá, kí ni mo ṣe tí kò dáa?" Mo já téèpù díẹ̀ nínú róòlù mi, mo kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìgò kan tó wà lórí tábìlì mi, mo ṣí i, mo tún lẹ̀ ẹ́, mo tún ṣí i, kí n tó wá gbé e sára ògiri. Mo ní téèpù tuntun máa ń fi agbára di nǹkan mú, ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ mú un rìn díẹ̀ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo ní ìyá tó bí bàbá mi ni, ẹni tí kò di búrọ́ọ̀ṣì mú rí láyé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tí ojú ìyá yẹn rí kí n tó mọ ohun tí mo mọ̀.

Gwagwalada là ń gbé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Káfíńtà ni bàbá mi, ó tẹ̀lé iṣẹ́ ìjọba láti Èkìtì wá nígbà tí gbogbo Àbújá ṣì jẹ́ eruku àti katapílà. Yàrá méjì la ní nínú agboolé tí àwa àti Málàm kan tó ń rán fìlà jọ ń gbé, àgbàlá wà láàárín, igi máńgòrò kan sì wà níbẹ̀ tí bàbá mi sọ di ṣọ́ọ̀bù: abẹ́ rẹ̀ ni tábìlì iṣẹ́ wà, ẹ̀ka rẹ̀ ló ń fi ayùn kọ́. Títí dòní, bí mo bá di ojú, etí mi ṣì ń gbọ́ agboolé yẹn. Rédíò Málàm ló máa ń kọ́kọ́ jí, á máa sọ Háúsá lọ bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi á tẹ̀lé e, tà-tà-tà-tà, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé tí èmi ò fẹ́ẹ́ wọ̀. Ayùn bàbá mi á wá bọ́ sí i, Málàm á sì gbé orí sókè lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé, "Sànnu, káfíńtà." Bàbá mi á ní, "Yauwa," kò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ nínú ohun tí ọkùnrin náà bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí Háúsá tirẹ̀ kò kọjá ibẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá èèpo pákó tí pílénì bọ́ sílẹ̀, kí n kó o fún màmá mi láti fi dáná. Ẹ̀wà àti gààrí là ń jẹ láti Mọ́ńdè títí dé Sátidé, ti bàbá mi sì máa ń ní ìyẹ̀fun pákó lórí, nítorí kì í kúrò nídìí tábìlì tó bá ń jẹun. Ó ní ìyẹn ló jẹ́ kí eyín òun le. Eyín rẹ̀ kò le.

Láàárín gbogbo ariwo yìí ni ikọ́ Ìyá Àgbà máa ń gbà kọjá. Ìyá Àgbà wá kí wa fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lo ọdún mẹ́ta. Ara rẹ̀ ni ìròyìn agboolé wa. Bí ẹ bá kí i káàárọ̀ tí ẹ bi í bóyá ó sùn, kò ní sọ fún yín pé òun sùn o. Á sọ ibi tí eegun ti ń dun òun, á sọ àwọ̀ ohun tí òun hú jáde, á wá sọ iye ọjọ́ tí inú òun ti kọ̀ láti ṣí. Ó máa ń sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ó sọ ọ́ fún Málàm rí, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, ó ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún un títí ó fi yé e, tí Málàm fi ń sọ pé kai, kai, tó ń mi orí. Màmá mi á ní, "Ìyá, ẹ dákun, a ń jẹun." Ìyá Àgbà á ní, "Níbo lẹ wá rò pé oúnjẹ náà ń lọ?"

Ìgò àgbo mẹ́rin ló ní, ìgò bíà kan náà ni gbogbo wọn, tí ẹ ò lè mọ èkíní yàtọ̀ sí èkejì. Kò mọ̀wé, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé ju ti gbogbo wa lọ. Ó gba téèpù lọ́wọ́ bàbá mi, ó fi yí ìgò: ẹyọ kan fún ikọ́, méjì fún eegun, mẹ́ta fún inú, mẹ́rin fún oorun. Ìka ló fi ń kà á. Ọwọ́ rẹ̀ á wọ inú apẹ̀rẹ̀, á rìn lára ìgò, á sì fa èyí tó fẹ́ jáde láìwo ibẹ̀. Bí ìgò bá fọ́ tàbí tó bá ń jò, á ṣí téèpù kúrò lára rẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, ìdí nìyẹn tí téèpù kan náà fi ń ṣiṣẹ́ fún odidi ọdún. Ti inú yẹn, ẹnikẹ́ni kì í fi ṣeré nílé wa. Ṣíbí méjì rẹ̀ tó láti lé ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n wọ igbó.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti pinnu pé èmi àti ilé ìwé ti parí. Mo máa ń gbé báàgì mi jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú, màá gba ẹ̀yìn ilé Málàm, màá sì padà sábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí màmá mi bá ti tẹ orí ba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bàbá mi ń rí mi. Á kàn na sáńpépà sí mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà hàn sí màmá mi, ó bú wa pọ̀, ó ní òun kò ní fi ọmọ òun ṣe ìyẹ̀fun pákó. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi tó jẹ́ hẹ́dímásítà ní Èkìtì, Bọ̀dá Tíṣà là ń pè é, pé kó wá mú mi lọ. Ọkùnrin yẹn ní ọmọ mẹ́fà tí wọ́n ń tò lẹ́sẹẹsẹ láti kí èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní pàṣán kan tó fún lórúkọ. Sátidé ni yóò dé, Mọ́ńdè ni yóò mú mi lọ. Mi ò lè jẹun. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù pàṣán nìkan. Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá yẹn, mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń jí láàárọ̀ tí kò sí i.

Ohun kan ṣoṣo ló lè gbà mí, ilé Ọlọ́run kékeré sì ni. Inú kíláàsì kan là ń ṣe ìsìn nígbà yẹn, ìjọ wa sì fẹ́ kọ́ tirẹ̀. Wọ́n ya ilé náà sórí bébà, wọ́n gbé e yípo, àwọn ìyá ìjọ dà á sókè, wọ́n dà á sódò, wọ́n ní níbo ni ilẹ̀kùn wà. Bàbá Alága, ọ̀gá ńlá kan ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń darí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, wá ní kí bàbá mi fi pákó kan án kékeré kí gbogbo èèyàn lè fojú rí i. Bàbá mi kàn án. Kò gùn ju apá mi lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, òrùlé rẹ̀ ṣeé gbé kúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ló kù. Funfun ni ògiri máa jẹ́, kí àwọ̀ ilẹ̀ sì yí ìdí rẹ̀ ká, bí wọ́n ṣe ń kun gbogbo ilé nígbà yẹn kí ẹrẹ̀ òjò má baà hàn lára rẹ̀. Sọ́ńdè ni wọ́n máa ṣí i han ìjọ, Bàbá Alága sì ti sọ pé òun kò fẹ́ rí ìlà tó ń mì níbẹ̀. Ọwọ́ bàbá mi sì dà bí ọkọ́, búrọ́ọ̀ṣì kékeré máa ń sọnù sínú rẹ̀ ni. Lọ́jọ́rú, ó pè mí sídìí tábìlì. Ó ní, "Ìwọ lo máa kùn ún. Bí ìlà yẹn bá tọ́, wàá dúró tì mí. Bó bá wọ́, tẹ̀lé Bọ̀dá ẹ lọ, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ẹkún." Màmá mi ní ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nìyẹn. Bàbá mi ti padà sídìí ayùn rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ mo kun funfun lẹ́ẹ̀mejì. Ọyẹ́ ń fẹ́, ó gbẹ kíá. Ní Jímọ̀ mo já téèpù tuntun nínú róòlù bàbá mi, mo lẹ̀ ẹ́ yí ilé náà ká, mo fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, mo kun àwọ̀ ilẹ̀ sísàlẹ̀, mo dúró, mo ṣí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tọ́pẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Funfun bá téèpù lọ, ó ku pákó gbalaja lódindi ẹ̀yìn ilé náà. Mo jókòó, mò ń wo pákó, pákó ń wò mí. Bàbá mi gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó ń jẹun lọ. Ó ní, "Ó ku ọ̀la." Ó sì lọ bomi mu.

Mo ha gbogbo rẹ̀, mo tún un kùn, mo wá lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní Ìyá Àgbà láti ṣàánú ara mi. Inú tirẹ̀ ni ó ń sọ, pé láti Ọjọ́rú ni kò ti ṣí, ṣùgbọ́n òun kò ní fọwọ́ kan ìgò onítéèpù mẹ́ta títí di Mọ́ńdè, nítorí òun kò fẹ́ kí ó dójú ti òun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló ń pààrọ̀ ìgò ikọ́ rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti bù. Ó fi èékánná gbé etí téèpù, ó fà á. Téèpù náà jáde jẹ́jẹ́, kò pariwo, bébà orúkọ bíà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì ya. Kò tilẹ̀ họ. Ọmọ mìíràn ì bá máa wo ìyá arúgbó. Èmi wo téèpù. Mo sọ fún yín pé mi ò jókòó pẹ́ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n orí mi ṣí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ju bí hẹ́dímásítà kankan ṣe lè ṣí i lọ: téèpù tuntun ló ń ya nǹkan, èyí tó ti rìnrìn àjò kì í ya á.

Lọ́sàn-án Sátidé, Ìyá Àgbà sùn. Mo to ìgò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú fèrèsé, láti orí onítéèpù kan dé onímẹ́rin, kí n lè dá olúkúlùkù padà sí ilé rẹ̀. Mo wá ṣí gbogbo téèpù náà, mẹ́wàá ni wọ́n, wọ́n sì tó láti yí ilé Ọlọ́run ká. Mo fi ẹ̀yìn èékánná tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, nítorí náà mo fi funfun tó ṣẹ́kù pa etí téèpù náà kọ́kọ́, pé bí nǹkan kan bá máa yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, funfun ni kó yọ́ wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní ìyẹn. Títí dòní, mo máa ń rí àwọn tó lọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo kun àwọ̀ ilẹ̀. Mi ò jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí n tó fa téèpù, mo fà á sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọba. Ìlà tó jáde níbẹ̀, ẹ lè fi gé iṣu. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi kí n má baà hó.

Ìgbà tí mo gbé ojú sókè ni mo rí i pé ojú fèrèsé ṣófo. Màmá mi ti ń tún ilé ṣe de Bọ̀dá Tíṣà, ó ti nu àwọn ìgò náà, ó sì ti kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ Ìyá Àgbà bí wọ́n ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Mo ṣí ìdérí wọn, mo ń fi imú wá wọn. Kẹrosíìnì tí mo fi fọ búrọ́ọ̀ṣì ti kún imú mi láti àárọ̀, kẹrosíìnì nìkan ni gbogbo ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rùn sí mi. Ìyá Àgbà sì ti jí, ó ń pè mí pé kí n wá bu omi fún òun. Mo yí téèpù mọ́ wọn bí ọwọ́ mi ṣe bà wọ́n, kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Àwọ̀ ilẹ̀ wà lára téèpù náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìka ni ìyá fi ń kàwé. Mo sọ fún ara mi pé ó lè jẹ́ pé olúkúlùkù ti bọ́ sí ilé rẹ̀. Oríire máa ń bá mi.

Bọ̀dá Tíṣà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni di okùn ewúrẹ́. Ó na agolo kan sí mi, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Mo ní mílíìkì ni. Ó ní ó dáa, báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní àwòrán màlúù wà lára ẹ̀. Ó wo màmá mi, màmá mi wo ilẹ̀.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ọyẹ́ ti dí Ìyá Àgbà nímú pátápátá. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú apẹ̀rẹ̀, ó bá ìgò onítéèpù kan, ó da ṣíbí méjì sẹ́nu, ó gbé e mì láìtọ́ ọ wò, bó ṣe máa ń mu gbogbo àgbo. Ó sì gbé ìgò náà sínú báàgì rẹ̀, nítorí ìwàásù. Ìwàásù pásítọ̀ wa nígbà yẹn, ẹ lè se ẹ̀wà kó jinná kó tó parí. Gbogbo ìgbà tí ikọ́ bá ti fẹ́ gbà á, Ìyá Àgbà á yọ ìgò, á fà á díẹ̀, á sì tún jókòó dáadáa. Mo kà á, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò yé mi pé ó yẹ kí n bẹ̀rù. Ilé kékeré tó wà lábẹ́ aṣọ níwájú ni mò ń wò.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ṣí aṣọ. Àwọn ìyá ìjọ rọ́ wá, wọ́n ní ilẹ̀kùn rèé o, wọ́n ń fi ìka ṣí i, wọ́n ń tì í. Bàbá Alága lé wọn sẹ́yìn. Ó wọ jígí ojú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó fi rúlà lé ìlà mi. Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Bàbá mi di fìlà rẹ̀ mú níwájú ikùn. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni inú Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ bí lọ́rì tí wọ́n ń yí jíà rẹ̀ lórí òkè. Àwọn kan rò pé wọ́n ń wọ́ bẹ́ǹṣì ni. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó pẹ́ díẹ̀. Ìyá Àgbà gbé ìgò náà sórí tábìlì, ó di èjìká màmá mi mú, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ohun tó kó jìnnìjìnnì bá mi, nítorí mi ò gbọ́ kó sọ nǹkan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ rí. Ó ní, "Ìyàwó, gbé mi jáde." Wọ́n rìn. Wọ́n yára. Wọn ò dé ibẹ̀.

Bàbá Alága kò tilẹ̀ yíjú. Ó dìde, ó nu eékún rẹ̀, ó ní ìlà yìí tọ́, ó tọ́ ju ti bébà lọ, ta ló fà á. Bàbá mi ní, "Ọmọ mi ni." Mo ti gba ìyìn rẹpẹtẹ láyé mi, mo sì yẹ fún gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí bàbá mi ṣe sọ ọ̀rọ̀ yẹn, tí kò gbé ohùn sókè, mi ò tíì rí èyí tó tó o. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àmọ́ Bọ̀dá Tíṣà ti gbé ìgò orí tábìlì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sún imú sẹ́yìn. Ó fi àtàǹpàkò ra téèpù rẹ̀. Ó wo téèpù, ó wo ìdí ilé kékeré náà, ó wò mí. Ó ní, "Àlàbí, kí ni ọ̀dà ilé Ọlọ́run ń wá lára ìgò àgbo?"

Mo lè parọ́. Mo mọ̀ ọ́n pa nígbà yẹn, ó wà lẹ́nu mi, màá ní aláǹgbá ló gba orí ọ̀dà kọjá. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń wò mí, ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn ṣì wà lójú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó di ọ̀rọ̀ nípa ọmọ mìíràn. Mo ní èmi ni mo yá téèpù náà, pé nígbà tí mo fẹ́ dá a padà, mi ò mọ ìgò tó ni ín mọ́. Bàbá mi ká aṣọ tí wọ́n fi bo ilé náà, ó tún un ká. Ó ní, "Lọ di ẹrù ẹ." Bọ̀dá Tíṣà ní ohun tí òun ń sọ nìyí, pé ká ní ọmọ yìí mọ̀wé kọ ni, ì bá ti kọ orúkọ sára ìgò, ìyá àwọn ò sì ní wà níta báyìí. Mo wo ìlà mi. Ó ṣì tọ́.

Ohùn Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lójú fèrèsé níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá wọlé fúnra rẹ̀, aṣọ àwọn akọrin ni wọ́n fi wọ̀ ọ́, aláwọ̀ búlúù tó ní kọ́là funfun, ó dà bíi bíṣọ́ọ̀bù. Ó dúró láàárín kíláàsì. "Ta ní kó di ẹrù?" Bàbá mi tún aṣọ náà ká lẹ́ẹ̀kẹta. Bọ̀dá Tíṣà, tó ń na gbogbo Èkìtì, fi ìgò náà pamọ́ sẹ́yìn. Ìyá Àgbà ní, "Láti Ọjọ́rú ni mo ti ń ru inú yìí kiri bí àpò sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yin tí mo bí, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún yín. Ta ló bá mi sọ̀ ọ́ nínú yín? Ọmọ yìí ló sọ̀ ọ́. Ara mi fúyẹ́, mo lè fò. Ọmọ náà ò lọ ibì kankan." Ó yí sí Bọ̀dá Tíṣà. "Ìwọ, kó o tó lọ lọ́la, kọ́ ọ kó kọ orúkọ sí ìgò mi. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó." Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì jọ ní ó dáa, Ìyá. Bàbá Alága ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, ó bọ́ jígí, ó ń fi áńkáṣíìfù bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ní ọ̀sán yẹn, Bọ̀dá Tíṣà jókòó tì mí lábẹ́ igi máńgòrò. Ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin: ikọ́, eegun, inú, oorun. Kò nà mí. Orí téèpù ni mo kọ wọ́n sí, mo kọ ọ́ títí ó fi dúró gbọnin, nítorí mo rí i pé ìlà náà ni lẹ́tà jẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní kíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ìgò tán, Ìyá Àgbà fi ìka wá a, ó ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì ní kí n tún fi téèpù yí wọn, kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, bó ṣe wà. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ka ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ láyé mi. Síbẹ̀, gbogbo ohun tí mo ń kọ lónìí, títí kan èyí tí ẹ ń kà, ara àwọn ìgò yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Bọ̀dá Tíṣà nìkan ló wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ Mọ́ńdè. Nígbà tí mo padà dé láti ibi tí mo sìn ín dé, bàbá mi wà nídìí tábìlì. Ó já téèpù tuntun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ itan rẹ̀, ó ṣí i, irun itan rẹ̀ tẹ̀lé e, ó pòṣé, ó tún lẹ̀ ẹ́, ó tún ṣí i, ó wá gbé e sára pákó kan. Kò wo ibi tí mo wà. Ó kàn na ẹsẹ̀, ó fi ti àpótí ìjókòó mi sún mọ́ tábìlì. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà nígbà tó yá, ó tóbi, ó dára, ṣùgbọ́n àwọn tó kun ìdí ògiri rẹ̀ kò ní ìyá àgbà. Mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bí mo bá lọ sí Gwagwalada. Ìlà wọn wọ́.

Mo sọ gbogbo èyí fún Tọ́pẹ́ bí a ti ń tún ilé rẹ̀ ṣe. Ó rẹ́rìn-ín débi tó jókòó sílẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pákó pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó já téèpù tirẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìgò orí tábìlì mi, ó ṣí i, ó tún lẹ̀ ẹ́, ó tún ṣí i, ó wá gbé e sára ògiri. Ó kùn ún, ó fà á jẹ́jẹ́. Funfun dúró sí àyè rẹ̀. Ó wo ìlà náà pẹ́, ó wá gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò wá ohun tó wà lára rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ìgò yẹn gan-an nìyí? Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo ní kó má bẹ̀rù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà ti mu ún tán ní ṣọ́ọ̀ṣì.